Òkèlè Ìkẹyìn Ti Ajá Ni

Ajá wa sanra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí n tó sọ nǹkan mìíràn, nítorí ọ̀pọ̀ oṣù ni gbogbo wa nínú ilé wa ní Lokongoma, ní ìlú Lokoja, fi ń yí ọ̀rọ̀ náà po. Ọkọ mi ní ọjọ́ orí ló dé sí i. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní yunifásítì wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kámẹ́rà ló fẹ̀ ẹ́. Màmá mi ní ọkàn rẹ̀ ló balẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ ojú abẹ níkòó fún gbogbo ayé, èmi náà ní irun rẹ̀ ló pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ajá ìbílẹ̀ lásán ni, pupa rúsúrúsú, irun rẹ̀ kò sì ju irun apá ọkọ mi lọ.

A gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi nígbà tí olè ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu. Iṣẹ́ tí a gbà á fún kò yé e títí di òní. Ẹni tó bá ti kí i dáadáa ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ mìíràn tí a kò bẹ̀ ẹ́ sí: òun ló jẹ́ kí Màmá mi dúró tì wá.

Nígbà tí bàbá mi kú, kò sí ẹni tó kù pẹ̀lú Màmá nínú ilé wa ní Ìjùmú. Òrùlé ń jò, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń fẹ́ àmójútó, mo sì lọ mú un wá. Ó tẹ̀lé mi, ṣùgbọ́n kò tú ẹrù rẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá bí ẹni pé mọ́tò ń dúró dè é níta. Bí ó bá sọ pé "ilé," Ìjùmú ló ń sọ. Tiwa ní Lokongoma, "ọ̀dọ̀ yín" ló ń pè é. Mi ò dá a lẹ́bi. Ní àárọ̀, ọkọ mi á wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, èmi á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí sẹkitéríàtì, gbogbo géètì á wà ní títì, àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń bi mí pé ìgbà wo ni òun ń lọ.

Àfi ìgbà tí ajá yìí lọ dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ìtàn àwọn tó ti kú fún un, ó ń bá a ṣe àríyànjiyàn lórí ìwàásù tó gbọ́ nínú rédíò, ó ń pè é ní "ẹlẹgbẹ́ mi." Báàgì kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìbéèrè ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kan tí a jókòó ní faranda, ó fi ọwọ́ pa ajá náà lórí, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan pé, "Ọjọ́ tí eléyìí bá lọ, èmi náà ti lọ nìyẹn." Màmá mi kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Nítorí náà, nígbà tí ooru dé, tí mo rí i pé ajá náà kò lè gun àtẹ̀gùn faranda láìdúró sinmi, jìnnìjìnnì bò mí. Ẹni tó bá ti gbé Lokoja mọ irú ooru tí mo ń sọ, ooru àárín òkè àti odò, tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ fẹ́. Ajá náà á tẹ́ ara rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́bàá dírọ́ọ̀mù omi, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta, ìhà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Bí mo bá ti wò ó, báàgì Màmá ni mo ń rí.

Èmi àti ọkọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ajá kan ní ọ̀nà Ganaja. Ọ̀dọ́kùnrin ni, Ígálà ni, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìwọ̀n kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, pẹlẹbẹ bí tábìlì tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tí nọ́ńbà pupa ń tàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ajá wa kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní gùn ún. Bí a bá tì í sórí rẹ̀, á fò sílẹ̀. Dókítà ní kí a fi í sílẹ̀, pé ọwọ́ náà mọ nǹkan wọ̀n. Ó ní kí n di ọwọ́ kan ní ẹ̀ṣẹ́, kí n fi ìka ọwọ́ kejì ra orí àwọn eegun tó yọ gọngọ níbẹ̀. Ó ní bí ìhà ajá bá rí báyìí lábẹ́ ọwọ́, ó ti rù jù. Ó ní kí n tẹ́ ọwọ́ náà, kí n ra ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí eegun wà ṣùgbọ́n tí ẹran díẹ̀ bò ó: bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí n tẹ ibi tó nípọn nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Mo tẹ ibẹ̀, mo sì tẹ ìhà ajá wa. Ọ̀kan náà ni. Ajá náà rò pé mo ń bá òun ṣeré, ó ń lá mi lọ́wọ́.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ àti oríkèé rẹ̀ ń ru ẹrù tí kì í ṣe tiwọn, pé bí irú ooru yìí bá tún bá a báyìí, ó lè gbé e lọ. Ó fún wa ní òfin. Agolo mílíìkì kan ti oúnjẹ gbígbẹ inú àpò ní àárọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ajá tí a fẹ́ kó dà ni kí a máa bọ́, kì í ṣe èyí tó wà níwájú wa. Kó máa rìn díẹ̀ ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Kí a má sì fi ebi pa á lójijì, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ara ń fọn. Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni pé ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu ajá kọjá, oúnjẹ ni, kì báà jẹ́ egungun ẹja. Bí a bá fún un ní nǹkan, kí a yọ ọ́ kúrò nínú agolo.

Bí a ti dé ilé, mo pe ìpàdé. Ọkọ mi ní bí adájọ́ kóòtù ni mo ṣe jókòó, mo ní kóòtù náà ni. Ó jẹ́wọ́ pé òkèlè ìkẹyìn iyán òun ni òun ń fún un, òkèlè kan péré. Aládùúgbò wa, obìnrin Ebira kan tó ń ránṣọ nínú ilé tó tẹ̀lé tiwa, gbọ́ ohùn mi láti ẹ̀yìn fẹ́ńsì, ó sì jẹ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é: "Na only small kulikuli I dey give am o." Màmá mi ní òkèlè ìkẹyìn ni ti òun náà.

Ẹni tí kò bá ti ọ̀dọ̀ wa wá lè rò pé àwáwí ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe àwáwí. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbàlagbà kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Bàbá mi á fi òkèlè kan àti ẹja díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo, àwa ọmọ á jókòó lókèèrè, a ó máa wo ògiri bí ẹni pé kò sí ohun tí a ń dúró dè. Àgbà tó bá jẹ tirẹ̀ tán pátápátá, ahun ni wọ́n ń pè é. Èmi àti ọkọ mi náà fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, títí wọ́n fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò sì sí ẹni tí yóò gbé àwo mọ́. Síbẹ̀ òkèlè ìkẹyìn ṣì ń kù, nítorí ọwọ́ wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ajá ló jogún rẹ̀.

Mo fi òfin de gbogbo wọn. Kò sí òkèlè, kò sí kulikúlí, kò sí orí ẹja. Mo ń fi ọwọ́ ara mi wọn agolo kí n tó jáde ní àárọ̀, mo sì ń wọn èkejì bí mo bá dé. Ọkọ mi ń mú ajá náà rìn ní ìdájí, àwọn méjèèjì á sì padà dé tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ajá kò fọn. Bí mo bá fi ọwọ́ ra ìhà rẹ̀, ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò náà ló ṣì ń jọ. Inú bí mi gan-an. Mo fura sí ẹni tó ta oúnjẹ náà fún wa. Mo fura sí agolo. Mo gbọ́ òórùn ọwọ́ ọkọ mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọkùnrin tí mo fẹ́ níwájú pẹpẹ.

Màmá nìkan ni n kò fura sí, nítorí àwo rẹ̀. Mo máa ń bu oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sínú kúlà kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá dé, àwo rẹ̀ á wà lórí tábìlì, á mọ́ tónítóní bí èyí tí wọ́n fọ̀. Mo máa ń gbé e sókè fi han ọkọ mi tí kì í fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́, mo ní kó wo bí àgbàlagbà ṣe ń jẹun.

Ọjọ́ tí a ó padà sọ́dọ̀ dókítà, Màmá wọṣọ, ó wé gèlè, ó ní òun ń bá wa lọ, pé òun kò lè jókòó kí wọ́n máa fi ìyà jẹ ẹlẹgbẹ́ òun ní ibi tí ojú òun kò tó. Dókítà ti kọ́ ìkíni àwa ará Ìjùmú lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ní, "Òkun o, Màmá," inú Màmá sì dùn sí i láti ibẹ̀ lọ.

Ajá náà tún kọ ìwọ̀n. Màmá wo èmi àti ọkọ mi tí a ń làágùn lé e lórí, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì gun orí ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Ajá tẹ̀lé e, ó jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn náà dára, pé òun yóò wọn àwọn méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà òun yóò wọn Màmá nìkan, ohun tó bá kù láàárín ni ti ajá. Ó ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ sínú fóònù rẹ̀. Mo fa ajá sọ̀kalẹ̀. Màmá dúró níbẹ̀ nìkan, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Nọ́ńbà pupa náà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó wá dúró.

Dókítà ń ṣe ìṣirò ajá, ó ń mi orí, ó ń bi wá pé ṣé a ń tẹ̀lé òfin òun lóòótọ́. Nọ́ńbà Màmá ni mo ń wò. Nígbà òjò tó kọjá, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, èmi ni mo bá a di báàgì rẹ̀ mú nígbà tó gun ìwọ̀n, mo sì rántí ohun tí nọ́ọ̀sì kà jáde. Èyí tí mo ń wò yìí kéré sí i gan-an. Mo bi dókítà pé ṣé ìwọ̀n rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó gun orí rẹ̀, ó ní òun gan-an nìyẹn. Èmi náà gùn ún. Ó ṣeni láàánú pé kò bàjẹ́ rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí Màmá jẹ́ kí n fi òróró pa á lẹ́yìn, nítorí ó máa ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó sọ ìró rẹ̀ sílẹ̀ sí ìbàdí. Ajá dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ra ìhà rẹ̀, ó sì rí lábẹ́ ọwọ́ mi bí ìgbà tí mo di ẹ̀ṣẹ́ níwájú dókítà, eegun kan tẹ̀lé òmíràn. Láti ìgbà tí ooru ti dé ló ti ń wọ búláòsì gbòòrò, mo sì rò pé nítorí ooru ni. Omi bọ́ lójú mi, mo sì fi èjìká nù ún kí òróró má baà kán sí mi lójú.

Mo bi í pé, "Màmá, ta ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán yín?"

Kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Àwa méjèèjì ni."

Mo ní báwo. Ó ń fi ẹsẹ̀ ra ajá náà lẹ́yìn bó ṣe ń sọ ọ́. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò dá jókòó ti oúnjẹ rí. Nílé, èmi àti àwọn ìyàwó ilé la jọ ń fọwọ́ bọ àwo kan. Nígbà tí wọ́n kú tán, ó ku èmi àti bàbá rẹ. Níbí yìí, mo ṣí kúlà, mo wo oúnjẹ, oúnjẹ ń wò mí, kò lọ lọ́fun. Ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ mi bá bá mi jẹ ló tó ń lọ. Mo bu òkèlè kan, mo bu ọ̀kan fún un." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í rún un. Ńṣe ló ń gbé e mì. Kí n tó gbé tèmi dé ẹnu, ó ti ń wo ọwọ́ mi. Ara mi sì kọ̀ ọ́ kí n máa jẹun kí ẹnìkan máa wò mí."

Ẹ̀rín àti ẹkún gbá mi mú pọ̀. Ẹran ara Màmá mi ló wà níhà ajá yẹn, tí mo ti ń fi ọwọ́ ra á láti ọjọ́ yìí. Àwo tó mọ́ tónítóní, ahọ́n ajá ló fọ̀ ọ́. Èmi tí mo mọ̀ pé àgbà ilé wa kì í jẹ àwo rẹ̀ tán, èmi ni mo ń gbé e sókè fi ṣe ìwàásù fún ọkọ mi. Mo wo ajá náà, ó ń fi ìrù gbálẹ̀, ó ń wò mí bóyá mo mú nǹkan dání.

A mú Màmá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí àìsàn kankan. Wọ́n ní kó máa jẹun. Ìyẹn rọrùn láti sọ. Bí mo bá lé ajá jáde ní ọ̀sán, kò ní jẹun. Bí mo bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ajá ni yóò jẹun. Mo rò ó títí kẹ̀kẹ́ fi gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn padà, mo bá aládùúgbò wa aránṣọ lẹ́nu géètì rẹ̀, tó ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Mo bi í pé ṣé bó ṣe máa ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí ni kí òun ṣe, òun nìkan ni òun wà nílé. Mo ní ṣé yóò lè máa bá Màmá jẹun. Ó ní ọbẹ̀ Màmá ti ń ta sí òun nímú láti ẹ̀yìn fẹ́ńsì láti ìgbà tó ti dé, òun kàn ń tijú ni.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwo kan tó fẹ̀, ọwọ́ méjì nínú rẹ̀, lórí ẹní ní faranda. Aránṣọ ń sọ Ebira, ó ń sọ Pijin, ó ń sọ Haúsá ọjà, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Màmá ń sọ ti Ìjùmú ní tirẹ̀. Wọ́n gbọ́ ara wọn tó láti máa sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, nítorí bí mo bá yọ lẹ́nu géètì, wọ́n á dákẹ́ bí ọmọdé. Agolo àárọ̀ ajá, mo sún un sí ọ̀sán, kó lè rí tirẹ̀ jẹ nígbà tí wọ́n bá ń jẹ tiwọn. Tirẹ̀ á kọ́kọ́ tán, ìyẹn dájú, á wá gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n aránṣọ ní ọkàn líle ju Màmá lọ: ó fi ẹ̀yìn sí i, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Òkèlè ìkẹyìn ni n kò lè pa run. Mo bi dókítà lórí fóònù, ó ní kí n yọ díẹ̀ kúrò nínú agolo ìrọ̀lẹ́ nítorí rẹ̀. Nítorí náà òkèlè ìkẹyìn ti ajá ni, ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ilé, Màmá ló sì ń fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo kó àwo olúkúlùkù kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ń jẹ nínú àwo kan. Ọkọ mi kọ́kọ́ ṣàròyé pé ọwọ́ mi ń yá jù níbi ẹja, lẹ́yìn náà ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà fún un. Inú mi ń dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ. Màmá ń sọ ìtàn àwọn òkú rẹ̀ fún wa báyìí, ajá nìkan kọ́ ló ń gbọ́ ọ mọ́.

Òjò ti sọ ilẹ̀ di tútù, igbó orí òkè ti tutù yọ̀yọ̀, kí a tó tún gba ọ̀nà Ganaja lọ. Màmá kò dúró kí wọ́n sọ fún un, ó bọ́ bàtà, ó gun ìwọ̀n, ajá fò tẹ̀lé e. Nígbà kan, kò lè fò sókè. Dókítà wo nọ́ńbà náà, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wo ti ìjọ́sí. Ó wo ajá, ó tún wo nọ́ńbà. Ó ní ojú òun rí i pé ajá yìí ti fọn, ìbàdí rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ń sọ pé kò sí ohun tó kúrò, bí àwọn méjèèjì ṣe rí ní ìjọ́sí náà ni wọ́n rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ìwọ̀n náà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Màmá ní, "Ẹ mú un sọ̀kalẹ̀ ná."

Mo mú ajá sọ̀kalẹ̀. Nọ́ńbà náà lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà kó tó dúró. Dókítà wò ó, ó yọ èyí kúrò lára tọ̀hún, ó wo Màmá láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò mú awò ojú rẹ̀ wá. Ó bi mí pé kí ló sọ. Ọkọ mi ló kà á fún un.

Ó gbọ́ ọ, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó di èjìká mi mú sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ sílé. Aránṣọ ń dúró dè mí, kò tíì jẹun."

Ọkọ mi ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo fi okùn ajá lé Màmá lọ́wọ́, a sì lọ sílé.